Ìgò Méjì Tí Màmá Gbé Lọ Sétí Òkun

Kò sí ibi tí mi ò mọ̀ ní Èkó yìí. Ẹ lè bi ẹnikẹ́ni ní Ìsọlọ̀. Láti Òṣòdì títí dé etí omi, kò sí kọ̀rọ̀ tí ẹ máa jù mí sí tí mi ò ní jáde. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo tún ṣe ọdún méjì ní mọ́dáànù sùkúù kí n tó sọ fún tíṣà wa pé gbogbo ohun tó ń kọ́ wa yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ oníke ni mo wà báyìí, níbi tí a ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó ń yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ẹ̀rọ kíákíá tó mi.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé àwọn ọmọ ṣíìfù wa, pẹ̀lú fọ́máànù fúnra ẹ̀, ní irọ́ ni mò ń pa. Wọ́n ní mi ò dé erékùṣù kankan lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó dáa. Mi ò ní bá wọn jà. Ìgò omi tí mo gbé bọ̀ láti ibẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí, òun ni ẹlẹ́rìí mi. Aago méjì ọ̀sán ni ṣíìfù mi, ẹ jẹ́ n yára.

Màmá ló fa gbogbo ẹ̀. Ìyá tó bí bàbá wa ni, ìlú wa lápá Òṣogbo ló ń gbé. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ, wọ́n ránṣẹ́ pè é pé kó wá máa wẹ ọmọ. Yàrá méjì tí ẹ̀gbọ́n mi gbà ní Ìsọlọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń sùn. Màmá kó ọṣẹ dúdú dé, ó kó kànìnkànìn dé, ó gbé ẹnu dé. Nínú gbogbo ẹrù ẹ̀, ẹnu yẹn ló wúwo jù.

Ọjọ́ tó dé, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó wo ṣòkòtò mi tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ bí agogo, ó wo bàtà mi tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ga bí àpótí ìjókòó, bàtà tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ní irú ẹ̀ ní àdúgbò wa.

Ó ní, "Ọkọ mi, ṣé kànga lo fẹ́ yọjú wò ni, tó o fi gun orí nǹkan?"

Gbogbo àwọn ayálégbé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò bọ́ ọ.

Àmọ́ nǹkan mìíràn wà lọ́kàn Màmá yàtọ̀ sí ọmọ wíwẹ̀. Obìnrin kan wà ní agbo ilé wa tó ń ta iyọ̀, ìyá oníyọ̀ la máa ń pè é. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé òun àti Màmá wọ agbo ilé wa níyàwó, fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Èyí gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, tọ̀hún gba ti ẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Torí náà, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni ìyálé nínú wọn. Ta ló yẹ kó kúnlẹ̀ kí ẹnì kejì láàárọ̀? Màmá ní òun kọ́. Ìyá oníyọ̀ ní òun kọ́. Bílẹ̀ bá ti mọ́, èyí á gba ẹ̀yìnkùlé, tọ̀hún á gba ojúde, kí wọ́n má baà pàdé. Bí oòrùn bá wá yọ tán, tí àsìkò ẹ káàárọ̀ kọjá, wọ́n á jọ jókòó, wọ́n á jọ jẹun nínú abọ́ kan náà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti kékeré bàbá wa.

Ó wá di ọjọ́ kan, Màmá sọ pé òun gbọ́ pé omi òkun níyọ̀. Ìyá oníyọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Èmi tí mò ń ta iyọ̀ látìgbà tí mo ti délé ọkọ, ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ iyọ̀? Bí omi òkun bá níyọ̀, ẹja tí wọ́n ń kó wá látinú ẹ̀ ńkọ́? Kí ló dé tí a tún ń fi iyọ̀ sí i ká tó jẹ ẹ́?"

Agbo ilé pariwo. Ni àwọn méjèèjì bá jọ ṣe àdéhùn níwájú gbogbo ilé: bí Màmá bá bu omi òkun wá, tó bá níyọ̀, òun ni ìyálé, ìyá oníyọ̀ á máa kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Bí kò bá níyọ̀, Màmá ló máa kúnlẹ̀, títí tí ikú fi máa dé. Ẹ ò mọ Màmá ni. Orúnkún ẹ̀ ò fẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ẹ̀ gan-an ló kọ̀ ọ́ jù.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ tó máa padà sílé, ó béèrè ẹni tó máa mú òun lọ sétí òkun. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ síbi tí gbogbo ará Èkó ń lọ.

Mo ní, "Ibi tí wọ́n ń da páálí àti agolo sí yẹn? Màmá, ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí erékùṣù kan lápá Àgbádárìgì. Mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀bọ ń bẹ níbẹ̀, ìjàpá òkun ń bẹ níbẹ̀, àgbá ayé àtijọ́ tí wọ́n fi ń jagun ń bẹ níbẹ̀."

Ọmọ Ègùn kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Èmi ò débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ọ dáadáa, ṣebí ó ti débẹ̀ tán?

Màmá fọ ìgò bíà méjì tó ṣẹ́ kù níbi ìsọmọlórúkọ, méjèèjì aláwọ̀ ewé, ó gé ṣùkù àgbàdo, ó fi dí wọn lẹ́nu. Mo ní ìgò kan ti tó. Ó ní, "Ẹni tó gbé ìgò kan ṣoṣo lọ síbi tó jìn, òkúta ló fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ lé lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a wọ bọ́ọ̀sì dé Òṣòdì. Mọ́tò tuntun kún ojú títì bí èèrà tó rí ṣúgà; gbogbo ẹni tí owó epo yìí kàn díẹ̀ lára ló ti ra mọ́tò. Mo bi kọndọ́ kan pé èwo ló ń lọ Àgbádárìgì. Màmá wò mí.

Wọ́n ṣì ń ṣe títì tuntun tó lọ sí Àgbádárìgì lọ́wọ́, òjò sì ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Bọ́ọ̀sì yí sápá ọ̀tún, ó yí sápá òsì, ó wọ inú igbó, ó tún jáde.

Màmá ní, "Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó o wá, ọ̀nà yìí náà ni?"

Mo ní, "Wọ́n ti yí i padà, Màmá."

"Èmi náà rí i pé wọ́n ń yí i."

Nígbà tí a dé etí omi, a rí ọlọ́kọ̀ kan, ọkùnrin Ègùn tí àyà ẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gba..."

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n."

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ pé ibi tí wàá..."

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n! Ìgbà kẹrin mi rèé."

Ó gbé àjẹ̀ ẹ̀. "Ó dáa, ọ̀gá onímọ̀. Bí oòrùn bá ti sọ̀ dé orí igi àgbọn tó tẹ̀ yẹn, mo ń lọ o. Mi ò ní dúró de ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Màmá di etí ọkọ̀ mú, ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Lékeléke dúró sórí òpó àwọn apẹja, òṣíbàtà tẹ́ ewé sílẹ̀ lójú omi bí ẹni sá aṣọ. Ẹyẹ kékeré kan tó dúdú tó funfun ń fò lójú kan náà lókè orí wa, ó ń ju apá pì pì pì, kò lọ, kò bọ̀. Lójijì ló já wìì sínú omi, ó sì gbé ẹja jáde.

Màmá ní, "Ọkọ mi, kí lorúkọ ẹyẹ yẹn?"

"Ẹyẹ òkun ni, Màmá."

"Ó jọ ẹ́. Bó o ṣe máa ń ju apá nìyẹn. Àmọ́ òun rí ẹja mú."

A gúnlẹ̀. Mo ṣíwájú. Mo rìn lábẹ́ àgbọn fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo rí ibì kan tí iyanrìn ẹ̀ funfun, mo na ọwọ́.

"Màmá, òkun rèé!"

Màmá fi ọwọ́ bo iwájú orí, ó wò ó, ó wò ó.

"Òkun rèé?"

"Òun rèé. Ẹ wo bó ṣe tẹ́ lọ."

"Ewúrẹ́ kan ń jẹko lódìkejì. Mò ń rí i."

"Ti ibí ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ púpọ̀ ni."

"Ṣebí orí omi yìí náà la gbà wá?"

"Ẹ̀yìn ẹ̀ nìyẹn, Màmá. Iwájú ẹ̀ nìyí."

"Háà," Màmá wí. "Òkun níwájú, ó tún lẹ́yìn, bí agbádá."

Ó rọra wọ inú omi dé kókósẹ̀, ó bu omi kún ìgò kan, ó dí i. Ó wá bu díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Ẹ̀rín tó wà lójú ẹ̀ láti ìdájí kúrò. Ó jáde, ó lọ jókòó sórí ọkọ̀ ògbólógbòó kan tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ó gbé ìgò lé itan.

"Omi odò wa nílé gan-an lèyí," ó wí. "Òótọ́ ni ìyá oníyọ̀ sọ. Ó tán. Màá kúnlẹ̀."

Èmi náà tọ́ ọ wò. Omi lásán. Mo sọ fún ara mi pé bóyá iyọ̀ ẹ̀ ti sọ̀ sísàlẹ̀, bíi ṣúgà tí wọn ò rò. Mo ti apá bọ̀ ọ́ dé èjìká, mo rò ó, mo rò ó, mo tún tọ́ ọ wò. Ẹrẹ̀ ló bá mi lẹ́nu.

Màmá ò tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó dẹ́rù bà mí nìyẹn. Mo lọ jókòó ti ẹsẹ̀ ẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò débí rí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Láti Òṣòdì. Ẹni tó ti dé ibì kan lẹ́ẹ̀mẹta kì í bi kọndọ́ léèrè mọ́tò. Irọ́ tìẹ kọ́ ló ń dùn mí. Irọ́ tìẹ ò lè ní kí n kúnlẹ̀. Omi yìí ni."

Bàbá arúgbó kan wà lábẹ́ igi nítòsí, tó ń bó àgbọn. Kò sí ohun tí a sọ tí kò gbọ́. Ó fi àdá lélẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá wo òkun, kí ló dé tẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí i?"

Màmá gbé orí sókè. "Kí lẹ wí?"

"Ọ̀sà lèyí, ìyá. Bí òjò bá ti pọ̀ báyìí, omi ẹ̀ ò níyọ̀. Òkun wà lẹ́yìn igbó àgbọn yìí. Ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

A tẹ́tí sílẹ̀. Lóòótọ́, nǹkan kan ń hó lọ́ọ̀ọ́kán. Láti ìgbà tí a ti sọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo rò pé ẹ̀rọ ni. Ní Ìsọlọ̀, ohunkóhun tó bá ń dún báyẹn tí kò sinmi, ilé iṣẹ́ ni.

Màmá dìde bí ọmọge. Mo ní kó gbé ìgò wá kí n da omi ọ̀hún nù. Ó fà á mọ́ra.

"Má dà á. Ìgò yìí ti di tìẹ. Irọ́ ẹ ló wà nínú ẹ̀. Wàá gbé e délé, kó máa wò ẹ́ tó o bá jí."

Bàbá ní òun máa sìn wá. Ó ní bí Màmá bá tún tẹ̀lé mi, Kútọnu ló máa bá ara ẹ̀. Ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé wọ́n ti mọra láti ọjọ́ pípẹ́.

Níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, alákàn kéékèèké kún bẹ́ẹ̀rẹ́. Ọwọ́ kan tóbi ju gbogbo ara wọn lọ, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń gbé e sílẹ̀. Màmá wò wọ́n, ó wò mí. Mo ní, "Màmá, mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ." Ó ní, "Bó o bá ti mọ̀ ọ́n, ó ti tó."

Ó béèrè ọ̀bọ tí mo ṣèlérí. Bàbá ní Sọ́ńdè ni, àwọn náà ti sinmi iṣẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ewé mì lókè, ojú dúdú méjì yọ, wọ́n wò wá bí onílé tí ń wo ẹni tó wá gba yàrá, wọ́n sì lọ.

A rìn díẹ̀ sí i, mo rí àgbá kan nínú koríko, irin gbogbo, ó ti dípẹtà. Mo fò gun orí ẹ̀, mo ní kí Màmá wò mí. Bàbá ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn sọ ọ́. Ó ní ọ̀nà tí à ń rìn yìí ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà láyé àtijọ́, nínú ẹ̀wọ̀n, lọ sínú ọkọ̀ tó wà lójú òkun. Àwọn tó rìn ín lọ ò rìn ín bọ̀.

Màmá dúró. Ó ní, "Ojúlé kan wà nílé wa tí wọn kì í tì. Ìyá ọkọ mi ló sọ fún mi pé ẹni tó ni ín lọ sóko nígbà ogun, kò dé. Ilẹ̀kùn yẹn wà ní ṣíṣí títí dòní."

Mo mọ ojúlé yẹn. Mo máa ń sùn níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo rò pé ilẹ̀kùn ẹ̀ ló bàjẹ́ ni.

Màmá tẹ̀ ba, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ ọ̀nà náà. "Ẹ kú ìrìn o," ó wí. "A ò tì í."

Mo kàn béèrè lọ́wọ́ bàbá pé ṣé ó ṣì kù púpọ̀.

Kò kù púpọ̀. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀. Mo rí ipa kan gbọọrọ nínú ẹ̀, ó fẹ̀, ó ní ojú kéékèèké lọ́tùn-ún lósì. Mo ní, "Katapíla ti gba ibí. Wọ́n fẹ́ ṣe títì débí náà." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ìjàpá òkun ni. Òru àná ló wọ́ jáde wá yé ẹyin, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó sì padà sínú omi. Màmá ní, "Ó wá, ó ṣe ohun tó bá wá, ó lọ, kò pariwo fún ẹnì kankan. Ọkọ mi, ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Àmọ́ igbó ti tán lójú wa lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ sì gbá mi lẹ́nu dé.

Mi ò ní parọ́ níbí. Ẹ̀rù bà mí. Omi ń dìde bí ògiri, ó ń wó, ó tún ń dìde. Ó funfun létí, ó dúdú láàárín, ibi tó parí sí ò yàtọ̀ sí ojú ọ̀run. Ọkọ̀ ńlá kan ń lọ sápá Èkó, bóyá símẹ́ǹtì ló kó, ó kéré bí bọ́tìnì ẹ̀wù. Àgbọn tò lọ sọ́tùn-ún, ó tò lọ sósì, gbogbo wọn tẹ orí síwájú bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Màmá fi ọwọ́ bo iwájú orí, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọkọ mi, bá mi wá ewúrẹ́ lódìkejì."

Ó ká ìró sókè. Omi wá bá a, kò tiẹ̀ jẹ́ kó tọ òun lọ. Ó bù ú, ó fi kan ẹnu, ó tu ú dànù pùẹ̀, ó tún bù ú.

"Iyọ̀!" ó kígbe. "Iyọ̀ ni, ọkọ mi! Iyọ̀ gidi!" Ó yí padà, ó kọjú sápá ilé, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ìyá oníyọ̀! Fọ orúnkún ẹ sílẹ̀ o, mò ń bọ̀!"

Mo gba ìgò kejì lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní etí ibí ò dáa, kí n bu ti àárín wá, iyọ̀ ibẹ̀ ló máa pọ̀ jù. Bàbá ní kí n má lọ. Mo ní mo mọ omi. Ìgbì kan ṣoṣo ló wá. Mi ò mọ ibi tí orí mi wà, mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà, ṣùgbọ́n mi ò jọ̀wọ́ ìgò. Nígbà tí mo fi máa dìde, omi ti kún un, bàtà mi sì ti di ẹyọ kan.

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú iyanrìn. Ó ní, "Jẹ́ kó mú un lọ. Òun náà fẹ́ yọjú wo kànga."

A sáré bá ọlọ́kọ̀. Oòrùn ti kan orí àgbọn tó tẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó ṣì dúró dè wá. Ó wo ẹsẹ̀ mi kan tó ga, ó wo èkejì tó kúrú.

"Ọ̀gá onímọ̀," ó wí, "ìgbà karùn-ún ńkọ́?"

Nígbà tí a délé, mo to ìgò méjèèjì sórí tábìlì. Màmá ní kí n so okùn mọ́ ọrùn ìgò tòun.

Mo ní, "Okùn fún kí ni? Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ? Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì ni tiyín. Kò sí bí mo ṣe lè ṣì í."

Ó wò mí bó ṣe wò mí ní Òṣòdì. Ó ní, "Ó dáa, ọkọ mi."

Láàárọ̀ yìí ló lọ. Ẹ̀gbọ́n mi pe tasí kó sìn ín dé gáréèjì Òṣòdì, èmi ni wọ́n ní kí n di ẹrù. Oorun ṣì ń kùn mí. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo nawọ́ mú ìgò ti ọwọ́ òsì, mo fi aṣọ wé e, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ẹrù ẹ̀, mo di ẹrù, ó tán. Màmá gbàdúrà fún mi. Ó ní kí Ọlọ́run bá òun fún mi ní sùúrù, kó sì wá bàtà kejì fún mi.

Ìgò tèmi ló wà níwájú mi yìí, ti ọ̀sà, tí irọ́ mi wà nínú ẹ̀. Fọ́máànù ní omi ẹ̀rọ ni mo pọn sínú ẹ̀. Òun ló máa tọ́ ọ wò lọ́sàn-án yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná, kó má lọ jẹ́ pé ó ti ń rùn.

Iyọ̀.

Mo tún tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Ó ń jó mi lọ́fun.

Ọwọ́ òsì tí mo sọ, ìdí ilẹ̀kùn ni mo dúró sí nígbà yẹn. Láàárọ̀ yìí, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti nawọ́, òdìkejì tábìlì. Omi ọ̀sà ló wà nínú ẹrù Màmá. Lálẹ́ òní gbogbo agbo ilé á pé jọ, Màmá á yọ ṣùkù níwájú wọn, ìyá oníyọ̀ á tọ́ ọ wò, á sì bú sẹ́rìn-ín. Lọ́la, Màmá á kúnlẹ̀.

Mọ́tò Òṣogbo kì í gbéra tí kò bá kún. Ó lè má tíì kún, kí n sáré gbé ìgò yìí lọ bá a. Bí mo bá dé gáréèjì, mi ò ní sọ pé mo mọ̀ ọ́n, ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá rí ni màá bi. Ṣíìfù á dúró. Bàtà mi dà? Ẹyọ kan náà rèé. Ẹ má bínú, mo ní láti lọ báyìí, mo ń lọ.